Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Ọmọ Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ìròyìn Ogun

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ti owó ilé ìwé, kì í sì í ṣe ti ọmọ tí kò fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ mísáìlì ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, kí ló kan ẹ̀kọ́ ilé nínú mísáìlì? Ó kàn án o. Láti ìgbà tí fóònù ti dé ọwọ́ ọmọ, kò sí ogun tí a ń jà láyé yìí tí kì í wọ yàrá rẹ̀, bó ti wù kí ojú ogun ọ̀hún jìnnà tó. Ọmọ tí a kò bá kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìròyìn, ìròyìn fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ, kò sì ní fi sùúrù kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wò, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 17, ìròyìn jáde pé Joe Biden, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti gbà kí Ukraine máa fi mísáìlì ATACMS tí Amẹ́ríkà fún un kọlu inú ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19, tí ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine pé 1,000 ọjọ́ gééré, Ukraine yìn ín lu ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní agbègbè Bryansk ní Rọ́ṣíà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Vladimir Putin, ààrẹ Rọ́ṣíà, fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí ìgbà tí Rọ́ṣíà lè lo ohun ìjà átọ́míìkì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn tún gbòde pé Ukraine ti lo Storm Shadow, mísáìlì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé jọ ṣe. Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, Rọ́ṣíà yin mísáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lójú ogun rí lu ìlú Dnipro ní Ukraine.

Fún àwa tí à ń tọ́mọ ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí Putin jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ní Oreshnik ni orúkọ mísáìlì tuntun náà, ó sì ní Rọ́ṣíà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọlu ibùdó ológun orílẹ̀-èdè yòówù tó bá jẹ́ kí wọ́n fi ohun ìjà rẹ̀ lu Rọ́ṣíà. Storm Shadow ńkọ́? Ohun ìjà ilẹ̀ tí à ń gbé ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, “ogun àgbáyé kẹta” ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ilé ìwé. Àgbà ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ọmọdé ń sọ ọ́ níbi eré, àwọn tó ń wá ẹni tí yóò wo fídíò wọn sì ń pariwo rẹ̀ lórí TikTok.

Àwa òbí náà kò sinmi. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí tí mo wà, ohùn kan wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ara rẹ̀, kò sì sọ ibi tó ti gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ìjọba Sweden ti sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé ogun ti dé, pé kí ẹni tó bá létí lọ ra omi, ìrẹsì, gààrí àti àbẹ́là, pé níbí tiwa, wọn kò ní sọ fún wa títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Àmì tó wà lára ohùn náà fi hàn pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó kàn wá. Kí n tó gbọ́ ọ tán, ẹnì kan ti kọ “Jésù gbà wá” sábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ti ń béèrè ilé ìtajà tó ṣì ṣí. Ẹ sì mọ bí a ṣe máa ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀: sókè, nínú pálọ̀, tí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì ń gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ni òótọ́ inú rẹ̀? Sweden fi ìwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé lóòótọ́, ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilé tó gbà á lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ará ilé ní omi mímu, oúnjẹ tí kò ní wàhálà, kúbùsù àti rédíò oníbátìrì nípamọ́, bóyá nǹkan lè ṣẹlẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjì, ìbáà jẹ́ ogun. Ọdún 1943 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ìwé yìí, wọ́n tún pín òmíràn lọ́dún 2018, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Oreshnik. Ìmúrasílẹ̀ ni ohùn yẹn gbé, tó sọ di ìkéde ogun. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tó tún yẹ ká fi sọ́kàn ni pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù gan-an ni iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Kyiv ti ilẹ̀kùn nítorí ìkìlọ̀ pé ìkọlù ńlá lè wá látojú òfuurufú. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ mìíràn ń tàn ká orí fóònù àwọn ará Ukraine, tí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ilẹ̀ náà sí. Ó ní ìkọlù tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ ń bọ̀ wá sórí àwọn ìlú ńlá lọ́jọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ náà sáré jáde pé irọ́ ni, pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbé e kalẹ̀ láti da ọkàn ará ìlú rú. Ẹ wá wò ó o: ẹni tó yin mísáìlì mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó kọ irọ́ yẹn náà mọ ohun tó ń ṣe. Àwa tí a gbà á ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn, tí a tún fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, à ń bá ẹni tí a kò mọ̀ ṣiṣẹ́ láìgbowó.

Àní ìròyìn tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ wá pàápàá máa ń yí padà. Ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkọlù Dnipro, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Ukraine sọ pé mísáìlì tó ń fò láti kọ́ńtínẹ́ǹtì kan dé òmíràn ni wọ́n yìn. Kí ọjọ́ náà tó parí, Amẹ́ríkà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé irú èyí tí ìrìn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí átọ́míìkì lórí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn ní àárọ̀ tó pa tẹlifíṣọ̀n, tí kò tún wò ó mọ́ títí di alẹ́, ìbẹ̀rù tó gbé sùn tóbi ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà tí kò mọ bí a ṣe ń gbé ìròyìn burúkú wọlé. Ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe ń túfọ̀. Bí ènìyàn bá kú lájò, ẹni tó gbé ìròyìn náà wálé kì í ti ẹnu ọ̀nà ké e. Yóò kí ará ilé, yóò béèrè àgbà tó wà nílé, yóò ní òun fẹ́ rí i. Àwọn méjèèjì á wọ yàrá lọ. Wọ́n á rán àwọn ọmọdé lọ ra iyọ̀, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n lọ bá ará ilé kejì ṣeré. Wọ́n á fún ìyàwó olóògbé ní ìjókòó, ènìyàn méjì á jókòó tì í kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Nígbà tó bá sì di pé kí ọmọ gbọ́, ẹni tí ọmọ fọkàn tán ni yóò sọ fún un, kò sì ní dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹkún á fi rọlẹ̀. Wọn kì í purọ́ fún ọmọ títí ayé. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ẹni tí yóò sọ ọ́, ìgbà tí yóò sọ ọ́, bí yóò ṣe tó, àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí omi bá bọ́ lójú.

Fóònù ti sọ gbogbo wa di atúfọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa níṣẹ́. Ìlànà àwọn àgbà yẹn ni mo ní ká gbé padà sínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé tèmi. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22, mo ń din ẹyin. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọlé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, táì rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò kí mi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí kì í kí ni. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé wọ́n máa mú Dádì lọ sójú ogun?” Mo pa iná. Mo jókòó. Mo ní, “Ta ló sọ fún ẹ?” Ó ní ọ̀rẹ́ òun rí i lórí TikTok, ó sì fi fídíò kan hàn mí: ọ̀run dúdú, iná ń já bọ́ látòkè, ilé ń wó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kiri yọjú wò ó, ó ní, “Géèmù nìyẹn.” Ó fi ọwọ́ kan igun kan lójú fóònù, níbi tí nọ́ńbà kékeré kan wà tí kì í sí nínú fídíò gidi. Ilé iṣẹ́ Bohemia Interactive tó ṣe géèmù Arma 3 ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lóṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé àwọn ènìyàn ń gbé àwòrán géèmù náà kiri bí ẹni pé ogun Ukraine ni. Mo sọ ìyẹn fún un. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n géèmù kọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì fẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. A gbé àwòrán ayé kalẹ̀ lórí tábìlì. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Dnipro, nǹkan bíi 2,500 kìlómítà ni. ATACMS kì í kọjá 300 kìlómítà: bí wọ́n bá yìn ín láti Èkó, yóò kọjá Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò ní dé Àbújá. Ó mọ Ìlọrin, ibẹ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀ wà. Ó fi ìka wọn ọ̀nà náà. Lẹ́yìn náà ó béèrè èyí tí mo ti mọ̀ pé yóò béèrè: “Oreshnik ńkọ́? Ṣé ó lè dé ibí?” Mo ní ó lè dé ibí. Mo tún ní mísáìlì tó lè dé Lọ́ńdọ̀nù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé: Jámánì ti yin V-2 sí ìlú yìí lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, nígbà tí wọn kò tíì bí ìyá tó bí mi. Ohun tó ń dá ọwọ́ àwọn alágbára dúró kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àwọn ènìyàn ló ń dá a dúró, nítorí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ àní nígbà tí wọ́n bá ń jà.

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi ọkàn balẹ̀. Kí Rọ́ṣíà tó yin Oreshnik, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Dmitry Peskov, agbẹnusọ Putin, ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀tá méjì tí wọn kò fẹ́ rí ojú ara wọn, wọ́n ṣì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé “ohun tí ẹ máa rí yìí, kì í ṣe átọ́míìkì.” Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1962, lẹ́yìn tí Soviet Union, ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà, kó mísáìlì lọ sí Kúbà, Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Khrushchev, olórí Soviet Union, wo ojú ikú fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Nígbà tí wọ́n bọ́, ẹ̀rù bà wọ́n débi pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín Washington àti Moscow, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n lóye títí ayé yóò fi bàjẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láàárín ìgbà tí ẹyin fi tutù. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lọ sílé ìwé. Bàbá rẹ̀ kò lọ ojú ogun, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un: ilẹ̀ yìí kò pe ará ìlú kankan wọ iṣẹ́ ológun.

Mo mọ̀ pé òbí méjì yóò bá mi jiyàn. Èkíní yóò ní, kí ọmọ má tilẹ̀ gbọ́ rárá, ọmọdé ni. N kò bá a jà bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé, tó ní ọ̀rẹ́ tó ní fóònù, ó ti gbọ́ ná. Ìgbà tí a bá dákẹ́, yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà burú débi tí ẹnu Mọ́mì kò fi lè gbé e, yóò sì gbé ìbẹ̀rù náà lọ sórí ibùsùn. Èyí ló ń fà á tí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀lé fi tún ń tọ̀, tàbí tí inú á máa run ún láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé tí dókítà kò sì rí nǹkan kan. Òbí kejì yóò ní, kí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ayé le, àwa náà jìyà dàgbà. Ìyà tí a jẹ, ìwọ̀n ara wa la jẹ. Kò sí ìyá tó jí wa lóru láti fi àwòrán òkú hàn wá kó tó ní ká padà lọ sùn.

Àwọn kan nínú wa, ilé Ọlọ́run ni ìbẹ̀rù tiwọn ti ń wá. Nígbàkigbà tí Rọ́ṣíà bá yin nǹkan, àwọn kan nínú ìjọ á ní Gọ́gù àti Mágọ́gù ti dé, àwọn mùsùlùmí kan náà á ní Yájúùjù àti Májúùjù ló ń jáde yẹn. N kì í ṣe aláìgbàgbọ́, mo ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbàdúrà tí yóò jẹ́ kí ọmọ sùn. Ọmọ tí a bá ní kó kúnlẹ̀, tí a sì ní òpin ayé dé lọ́la, kò ní wúlò fún ìwé tó fẹ́ kà lọ́la ọ̀hún. Ẹ fi ọwọ́ lé e lórí, ẹ dárúkọ àwọn ọmọ Ukraine àti ti Rọ́ṣíà nínú àdúrà, ẹ ní àmín, ẹ pa iná.

Pé a kò dẹ́rù ba ọmọ kò sọ pé ká má múra. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawaii, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2018. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, iṣẹ́ ìjọba wọ orí fóònù àwọn ará erékùṣù náà pé mísáìlì ń bọ̀, pé kí wọ́n wá ibi ìsádi, pé kì í ṣe ìdánrawò. Òṣìṣẹ́ kan ló ṣì í ṣe nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 38 kọjá kí iṣẹ́ mìíràn tó dé orí fóònù pé kò sí nǹkan kan. Láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, àwọn òbí ń gbé ọmọ sínú ọpọ́n ìwẹ̀, àwọn mìíràn ń pe ọmọ tó wà lókèèrè láti dágbére. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnu ìjọba pàápàá lè ṣì í sọ, àti pé lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá dé, ojú òbí ni ọmọ yóò máa wò láti mọ ohun tó kàn. Nítorí náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ èyí tó rọrùn: ibi tí a máa pàdé bí fóònù kò bá lọ, ẹni tí yóò lọ mú ọmọ nílé ìwé, yàrá tí kò ní fèrèsé ńlá, tọ́ọ̀ṣì, rédíò kékeré, omi díẹ̀. Ìjì àti ìjákulẹ̀ iná náà ń bẹ tí wọ́n á wúlò fún. Ẹ pè é ní ètò ilé. Ọmọ tó mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà kì í bẹ̀rù òkùnkùn tó ẹni tí kò mọ̀.

Apá kan ṣì kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, òun ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìbẹ̀rù tiwa lórí ìròyìn, ìbẹ̀rù ẹni tó jìnnà ni. Ní Kharkiv, ìlú kan ní Ukraine tó jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí ààlà Rọ́ṣíà, mísáìlì máa ń dé kí ènìyàn tó sáré wọ ibi ìsádi. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń kàwé nínú ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n gbẹ́ ilé ìwé odindi sábẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ 8, oṣù Keje ọdún yẹn, mísáìlì balẹ̀ sórí Okhmatdyt, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Kyiv, níbi tí àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n ń gbé ọmọ jáde sójú títì pẹ̀lú okùn oògùn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ń wo fídíò mísáìlì bíi géèmù, tó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ilé bá wó, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kò pé. Ẹ sọ fún un pé ọmọ bíi tirẹ̀ wà nínú ilé náà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Ìlú Ọba ló ní ọmọ Ukraine nínú kíláàsì láti ọdún 2022. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Rọ́ṣíà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tó yin mísáìlì nínú àwọn méjèèjì. Kí ọmọ wa má fi ọ̀rọ̀ ogun ṣe ọmọ Ukraine ní yẹ̀yẹ́, kó má sì pe ọmọ Rọ́ṣíà ní apànìyàn. Àwa tí wọ́n ti fi orúkọ ilẹ̀ wa pè ní oníjìbìtì rí, a mọ bó ṣe ń dun ni.

Ẹ̀yin tó wà nílé ní Nàìjíríà, ogun náà kan ẹ̀yin náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn òbí kan láàárín yín kò sùn títí ọkọ̀ òfuurufú fi kó àwọn ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ukraine wálé láti Romania, Poland àti Hungary. Owó búrẹ́dì gbẹ́nu sókè, nítorí púpọ̀ nínú àlìkámà ayé ń ti ọ̀dọ̀ Ukraine àti Rọ́ṣíà wá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ń bẹ̀rù mísáìlì ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà ilé ìwé lọ, ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ìbẹ̀rù tó ní ìwọ̀n ló ń dáàbò bo ọmọ.

Ẹ sì sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí a ti wá ti dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́jọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìbẹ̀rù mú àwọn ènìyàn ní Áfíríkà pé afẹ́fẹ́ lè gbé májèlé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò fi ìbẹ̀rù náà sí ẹnu lásán. Nígbà tí Faransé dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, tí kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ tó gba òmìnira, já àjọṣe pẹ̀lú Faransé nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961. Nígbà tó yá, Gúúsù Áfíríkà náà tú bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́fà tó ti ṣe palẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1996, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn Pelindaba ní Cairo pé ohun ìjà átọ́míìkì kò ní sí nílẹ̀ wa, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2009. Kò yẹ kí ọmọ rò pé àdéhùn kì í bàjẹ́ o: èyí tí Reagan ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Soviet Union fọwọ́ sí lọ́dún 1987, tó fòfin de irú mísáìlì tí wọ́n ń yìn láti orí ilẹ̀ bíi Oreshnik, wọ́n wọ́gi lé e lọ́dún 2019. Ènìyàn ló ṣe é, ènìyàn ló bà á jẹ́, ènìyàn ni yóò tún un ṣe. Ó lè jẹ́ ọmọ tiyín ni yóò wà lórí tábìlì náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé, ẹ̀yin òbí. Ohùn tí kò lórúkọ, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ìròyìn ogun, ẹ má jẹ́ kó kọjá àsìkò oúnjẹ alẹ́ nínú ilé, kí fóònù má sì bá ọmọ wọ yàrá. Bí ọmọ bá béèrè, ẹ jókòó kí ẹ tó dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ti gbọ́ àti ẹni tó sọ fún un. Ẹ sọ òótọ́ níwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe jìnnà tó. Ẹ sọ àwọn tó ń gbìyànjú láti dá a dúró. Ẹ má dìde títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, àgbà ló ń gba ìròyìn burúkú kó tó kan ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gba iṣẹ́ wa padà lọ́wọ́ fóònù.